Abẹ́ Ọ̀dà Ni Dídán Wà: Bí A Ti Ń Kun Ẹ̀yà Alùpùpù, Tí A Sì Ń Mú Un Dán Nínú Àgbàlá Ẹni

Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ní àdúgbò Jikpan, ní ìlú Minna tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Niger, kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́ ìró alùpùpù: ti olùkọ́ tí ń lọ sí ilé-ìwé, ti àgbẹ̀ tí ó di àpò àgbàdo mọ́ ẹ̀yìn, àti ti akẹ́kọ̀ọ́ tí kò fẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn òun. Nígbà tí oòrùn bá sì là, tí ó tàn sí ara wọn, ojú yóò rí i pé wọn kò rí bákan náà. Òmíràn ń kọ mànà bí ẹni pé àná ni wọ́n gbé e jáde láti inú páálí. Òmíràn tí a rà ní ọdún kan náà, tí ó ń rin ọ̀nà kan náà, tí ó sì ń mu epo kan náà, ara rẹ̀ ti ń bó bí ara aláǹgbá tí ń bọ́ awọ, ìpáàrà sì ti ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọ̀dà olówó ńlá ni ó fa ìyàtọ̀ yìí, àwọn mìíràn sì gbà pé àṣírí kan ń bẹ lọ́wọ́ àwọn pẹ́ńtà tí wọn kì í fi han ará ìta. N kò kẹ́gàn ọ̀dà tí ó dára, n kò sì fojú tín-ín-rín iṣẹ́ àwọn pẹ́ńtà, nítorí ẹni tí ó fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ kan ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó fi ọjọ́ kan ṣe é lọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ sílé ni pé abẹ́ ọ̀dà ni dídán wà, kì í ṣe inú agolo rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń tọ́jú ojú irin kí ọ̀dà tó kàn án, tí ó sì ní sùúrù, lè jókòó sínú àgbàlá ara rẹ̀ kí ó ṣe iṣẹ́ tí ojú yóò yẹ́ sí.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti jẹ ìyà àìmọ̀ rẹ̀. Táǹkì àkọ́kọ́ tí mo kùn, orí ìpáàrà ni mo da ọ̀dà lé, mo sì kùn ún nípọn bí ẹ̀kọ, nítorí mo rò pé bí ó bá ti nípọn tó ni yóò ti pẹ́ tó. Ó dán fún oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òjò ọdún kejì tó dá, ó ti wú káàkiri bí ara ẹni tí iná jó, mo sì ń fi èékánná ṣí i kúrò bí ẹni ń bó èèpo iṣu sísè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè, tí mo sì ń kọ́, ohun tí n óò là sílẹ̀ níhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ méjì tí kì í ṣe ọ̀kan

Kíkun ni kí a fi ọ̀dà bo ojú irin tàbí ti ike, kí omi àti afẹ́fẹ́ má baà rí i fọwọ́ kàn, kí ó sì ní àwọ̀ tí ojú fẹ́ràn. Mímú dán ni kí a ha ojú irin fúnra rẹ̀ títí àwọn ìlà kéékèèké tí ń bẹ lára rẹ̀ yóò fi tán, tí yóò sì máa tan ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Èkíní ń fi nǹkan kún, èkejì ń yọ nǹkan kúrò. Nítorí náà ni ẹ̀yà tí ó yẹ fún ọ̀kan kì í fi í sábà yẹ fún èkejì. Táǹkì epo, férémù àti mọ́dígáàdì onírin, kíkun ni tiwọn. Ìdérí ẹ́ńjìnnì tí a fi alumíníọ̀mù dà, mímú dán ni tirẹ̀.

Síbẹ̀ ohun kan so àwọn méjèèjì pọ̀, èyí ni pé ìtẹ́jú ni ó ń bí dídán. Ẹ wo omi inú igbá. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ènìyàn lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i tí ó ru, omi náà ni, igbá náà ni, ṣùgbọ́n ojú kò hàn níbẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ojú irin. Bí ó bá tẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ tí ó bà á yóò padà lọ́nà kan ṣoṣo, ojú yóò sì pè é ní dídán. Bí ó bá kún fún ìlà àti kòtò tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, ìmọ́lẹ̀ yóò fọ́n káàkiri, ojú yóò sì pè é ní ṣíṣú. Ọ̀dà fẹ́lẹ́ tí a bá tẹ́ sórí kòtò, kòtò ni yóò hàn níbẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá

Kì í ṣe agolo ọ̀dà ni ó kọ́kọ́ kọ́ àwọn baba wa bí a ti ń fi àwọ̀ bo nǹkan. Wọ́n ti ní ẹfun fún funfun, osùn fún pupa, wọ́n sì ń pa aṣọ láró. Bẹ́ẹ̀ ni mímú irin dán kì í ṣe àjèjì: ìyá àgbà tí ó ní ẹ̀gbà idẹ mọ̀ pé bí ó bá ti ṣú, ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni yóò fi fọ̀ ọ́ tí yóò tún fi máa tàn yanran, kíkan ọsàn ń jẹ ìdọ̀tí orí idẹ kúrò, eérú sì ń ha ìyókù. Ní Ìpínlẹ̀ Niger yìí kan náà ni ìlú Bídà wà, níbi tí àwọn Tápà ti ń rọ idẹ tí wọ́n sì ń yọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dígí, iṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ ti kọjá òkun. Ẹni tí ń gbé Minna kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ dídán jìnnà sí òun.

Ní ti Minna fúnra rẹ̀, ìlú àwọn Gbagyi ni láti ìṣẹ̀ǹbáyé, ìtàn wọn sì so orúkọ rẹ̀ mọ́ iná: bí ọdún bá fẹ́ yí, wọn a pa iná àtijọ́, wọn a sì dá iná tuntun tí wọn yóò tàn ká gbogbo ilé. Nígbà tí ọ̀nà reluwé Baro sí Kano àti èyí tí ó ti Èkó wá pàdé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1911, ìlú náà di oríta, àwọn Yorùbá sì wà lára àwọn tí wọ́n bá reluwé àti òwò wọ̀ ọ́. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ ní ọdún 1976, ó di olú-ìlú. Ìlú ń gbòòrò, ọ̀nà ń gùn, ẹsẹ̀ kò sì tó wọn mọ́, ni alùpùpù fi di ẹṣin tálákà. Orúkọ ọ̀kadà tí a ń pe alùpùpù akérò, ara Okada Air ni a ti yá a, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983. Ní Àríwá, achaba ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

Irinṣẹ́ tí a ń lò lónìí, ẹ̀yìn odi ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ní ọdún 1921 ni ilé-iṣẹ́ 3M ti Amẹ́ríkà gbé sáńpépà tí a lè rì sínú omi jáde. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ DuPont gbé ọ̀dà Duco jáde, èyí tí ń gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé kíkun ọkọ̀ kan a máa gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1925 ni Richard Drew, òṣìṣẹ́ 3M, ṣe téèpù bébà tí à ń lẹ̀ mọ́ ibi tí a kò fẹ́ kí ọ̀dà kàn. Àwọn pẹ́ńtà tí ń kun ọkọ̀ aláwọ̀ méjì ni ó rí tí wọ́n ń jìyà, ni ó fi ronú rẹ̀.

Ìpáàrà, ọ̀tá tí kì í sùn

Irin kì í dógùn-ún nítorí pé ó gbó. Ó ń dógùn-ún nítorí pé omi àti afẹ́fẹ́ pàdé lára rẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn wà, èyí tí à ń mí sínú. Bí òun àti omi bá dé ara irin, wọn a sọ irin di ìyẹ̀fun pupa tí à ń pè ní ìpáàrà. Ìpáàrà yìí a máa gba ààyè ju irin tí ó ti jẹ lọ, ìdí sì nìyí tí ọ̀dà tí a kùn lé e lórí fi ń wú: ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó ń tóbi, tí ó ń ti ọ̀dà sókè, títí yóò fi ya, tí omi púpọ̀ sí i yóò sì wọlé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ẹni tí ó kun ọ̀dà bo ìpáàrà dà bí ẹni tí ó fi aṣọ funfun bo egbò tí kò fọ̀.

Ti alumíníọ̀mù yàtọ̀. Òun náà a máa bá ọ́síjìn lò pọ̀, ṣùgbọ́n awọ tí èyí ń ṣe sí i lára kì í ṣí kúrò. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, ó sì ń dáàbò bo èyí tí ó kù. Nítorí náà ni ìdérí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣú, tí kì í fi í jẹ tán bí férémù.

Ìgbà àti ibi

Ní Minna, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì máa dá ní oṣù kẹwàá. Bí a bá fín ọ̀dà nígbà tí ojú ọjọ́ tutù tí ó sì rin, tínà, omi tí a fi ń po ọ̀dà, tí ń fò kúrò nínú rẹ̀ yóò mú ojú irin tutù, ìrì yóò sẹ̀ sí i, ọ̀dà yóò sì funfun bí ẹni pé a da omi ògì sí i. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé tán, eruku aṣálẹ̀ ni ọ̀tá. Ó ń bà lé ọ̀dà tútù bí eṣinṣin ti ń bà lé oyin. Ní oṣù kẹta, ooru a le tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà fi lè gbẹ lójú òfuurufú kí ó tó dé ara irin, tí ojú rẹ̀ yóò sì rí háńháń bí ahọ́n ológbò. Nítorí náà, àkókò tí ó wọ̀ jù ni ìgbà tí òjò bá ti dá tí ọyẹ́ kò sì tíì le, ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ tí oòrùn kò sì tíì kàn àtàrí.

Abẹ́ òrùlé tí ó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjì ni ibi tí ó dára jù. Kí a gbálẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí a sì wọ́n omi sílẹ̀ ní òwúrọ̀ kí eruku má baà gbéra. Kí a so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí a sì rán àwọn ọmọdé lọ sí ọ̀dọ̀ ará ilé mìíràn; èyí kì í ṣe nítorí ọ̀dà nìkan, bí a óò ti rí i níwájú.

Ìgbésẹ̀ méje tí kíkun ní

Èkíní ni títú ẹ̀yà náà kúrò. A kì í kun táǹkì lórí alùpùpù. Kí a fa epo inú rẹ̀ tán pátápátá, kí a ṣí ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níta títí òórùn epo yóò fi lọ. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí èyí gidigidi: táǹkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fa epo inú rẹ̀ léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí èéfín epo tí ó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ni ó ń bú gbàmù bí iná bá rí i.

Èkejì ni fífọ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ àti omi ni a óò fi fọ gírísì àti ẹrẹ̀ kúrò, kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Bẹntiróòlù ń fi awọ ọ̀rá fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ó sì ń wá iná kiri. Bí a bá fọ̀ ọ́ tí ó gbẹ, kí a fi tínà díẹ̀ lórí àkísà mímọ́ nù ún, kí a má sì fi ọwọ́ lásán kàn án mọ́, nítorí òógùn àtẹ́lẹwọ́ pàápàá tó láti mú kí ọ̀dà kọ̀ láti lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, èyí tí í ṣe ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà, ni híha. Nọ́ńbà tí ń bẹ lẹ́yìn sáńpépà ni kí a mọ̀ kà: bí nọ́ńbà bá ti ń tóbi tó ni ojú sáńpépà ń kúnná tó. A óò fi 120 ha ọ̀dà àtijọ́ àti ìpáàrà kúrò títí ojú irin yóò fi mọ́ fínnífínní, a óò sì fi 240 pa ojú ìlà tí 120 fi sílẹ̀ rẹ́. Ibi tí ọ̀dà àtijọ́ bá ṣì lẹ̀ mọ́ irin ṣinṣin, a kò ní láti họ ọ́ kúrò. Kí a kàn ha ojú rẹ̀ kí tuntun lè rí nǹkan dì mú, kí a sì ha etí rẹ̀ títí ìka kò ní mọ ibi tí ó ti parí.

Ẹ̀kẹrin ni dídí kòtò. Pọ́tì ni a ń lò, èyí tí a ń po mọ́ hádínà, kẹ́míkà tí ń mú un le kíákíá, nítorí náà díẹ̀ díẹ̀ ni kí a máa po ó. Kí a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kí ó le, kí a ha á, kí a sì tún tẹ́ òmíràn bí ó bá yẹ. Pọ́tì kì í ṣe irin. Bí ìpáàrà bá ti lu táǹkì, alágbẹ̀dẹ tàbí wẹ́dà ni a óò gbé e lọ bá.

Ẹ̀karùn-ún ni páráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ó ń di irin mú ní ọwọ́ kan tí ó sì ń di ọ̀dà aláwọ̀ mú ní ọwọ́ kejì, bí alárenà láàárín ìdílé méjì. Ìpele fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó. Bí ó bá gbẹ, kí a rì sáńpépà 400 tàbí 600 sínú omi ọṣẹ, kí a sì fi fọ́ ọ lójú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí a fi àtẹ́lẹwọ́ tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò rá a lára pẹ̀lú ojú dídì, nítorí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú kò rí.

Ẹ̀kẹfà ni àwọ̀ fúnra rẹ̀. Ìbáà ṣe agolo tí a ń tẹ̀ lórí ni a ní, ìbáà ṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, òfin kan náà ni. Kí ọwọ́ jìnnà sí irin ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Kí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde kí ọwọ́ tó dé orí ẹ̀yà náà, kí ó sì kọjá rẹ̀ kí a tó dá a dúró. Kí ìrìn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan bo ìdajì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí ọwọ́ máa lọ geere láìyára jù, láìfà jù. Ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ bo irin tán: bí ìkúùkù ni kí ó rí. Kí a sinmi ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí a tó fín èkejì, àti ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìpele kan bo gbogbo rẹ̀, ọ̀dà yóò sunkún fún un, omijé náà yóò sì gbẹ síbẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èkeje ni kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, tí ń dáàbò bo èyí tí ó ní àwọ̀, àti lẹ́yìn rẹ̀, dídúró. Ọ̀dà tí ọwọ́ kàn tí kò lẹ̀ mọ́ ọn ti gbẹ lójú ni, kò tíì le ní inú. Kí a fi táǹkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kí a tó gbé e padà, kí a sì mọ̀ pé ọ̀dà tí kò ní hádínà nínú, bẹntiróòlù tí ó bá kán sí i lẹ́nu táǹkì lè yọ́ ọ nígbàkígbà.

Mímú alumíníọ̀mù dán

Ọ̀pọ̀ ìdérí ẹ́ńjìnnì ni ilé-iṣẹ́ ti fi kílíà bò kí wọ́n tó gbé e jáde. Bí a kò bá kọ́kọ́ fi ohun ìyọ̀dà tàbí sáńpépà yọ kílíà yìí kúrò, a óò fa á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò kàn dán ní ibì kan, yóò ṣú ní ibòmíràn, bí ara ẹkùn. Lẹ́yìn èyí, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí sáńpépà tí ó le tó láti pa ojú ọgbẹ́ tí ó jìn jù rẹ́, 240 tàbí 320, kí a sì máa gun òkè lọ: 400, 600, 1000, títí dé 2000, pẹ̀lú omi ọṣẹ.

Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Bí a bá fi 400 ha á láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, kí a fi 600 ha á láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí a má sì kúrò lórí 600 títí gbogbo ìlà ọ̀tún-sí-òsì yóò fi parẹ́. Ní ọ̀nà báyìí, ìlà fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún wa ìgbà tí ó tó. Ẹni tí ó bá fo nọ́ńbà kan kọjá nítorí ìkánjú, ìparí iṣẹ́ ni yóò rí ẹ̀san rẹ̀: nígbà tí gbogbo ara bá ti ń dán, ìlà jíjìn tí ó fò kọjá yóò hàn kedere, kò sì ní ṣe ohun mìíràn ju pé kí ó padà sẹ́yìn lọ. Ní ìkẹyìn, kí a fi ìpara ìdánrin bíi Brasso àti aṣọ òwú rírọ̀ fa á. Aṣọ yóò dúdú. Ara alumíníọ̀mù ni, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìpara oyin tàbí ti ọkọ̀ tí a bá fi pa á lẹ́yìn náà ni yóò dá ṣíṣú dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó di dandan kí a máa tún un ṣe, nítorí afẹ́fẹ́ kò yé fẹ́.

Kíró­òmù kò gba irú ìyà yìí. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó jẹ́ lórí nikẹ́lì, bí a bá sì fi sáńpépà tàbí kànìnkànìn onírin fá a, ó ti lọ nìyẹn, kò ṣeé dá padà nínú ilé. Bí ìpáàrà bá tò sí i lára bí èélá, bébà fàdákà tí wọ́n fi ń di sìgá ni kí a ká, kí a tẹ̀ ẹ́ bọ omi, kí a sì fi rà á lára jẹ́jẹ́: alumíníọ̀mù inú bébà náà rọ̀ ju kíróòmù lọ, nítorí náà kò lè họ ọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti kó ìpáàrà kúrò.

Ibi tí ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé, àti ibi tí ó nílò ọ̀dà tirẹ̀

Ojú tí bíréèkì ti ń di táyà mú, ẹsẹ̀ bóòtù àti nọ́ọ̀tù, ibi tí bọ́ọ̀lù-béárì ń jókòó sí, àti ojú ibi tí wáyà iná ti ń kan férémù, gbogbo ìwọ̀nyí ni kí a fi téèpù bébà bò. Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára férémù àti ti ẹ́ńjìnnì, kí a má ha á, kí a má sì kùn ún nípọn débi tí kò ní ṣeé kà. Òun ni ẹ̀rí pé tiwa ni alùpùpù, ẹni tí ó bá sì yí àwọ̀ alùpùpù rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ rí i pé ìwé rẹ̀ bá àwọ̀ tuntun mu.

Sàlẹ́ńsà kò gba ọ̀dà lásán, iná inú rẹ̀ yóò jó o bó. Ọ̀dà tí ń gba ooru, tí agolo rẹ̀ kọ 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni tirẹ̀. Kò sì ní le dáadáa títí a óò fi mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí a óò jẹ́ kí ó tutù, tí a óò sì tún un ṣe. Abala ara ẹ́ńjìnnì tí ó rí bí egungun ìhà, afẹ́fẹ́ ni ó wà fún. Ọ̀dà nípọn lára rẹ̀ dà bí kí a wọ kóòtù fún ẹni tí ń sáré ìje. Ní ti ike, kí a lo páráímà tirẹ̀, kí a sì ṣọ́ra fún tínà líle, tí ó lè sọ ike di ẹ̀bà.

Àṣìgbọ́ tí ó gbilẹ̀

Àwọn kan ní ọ̀dà tí ó nípọn ni ó ń pẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀: òkè rẹ̀ yóò gbẹ, tínà yóò há sí inú, yóò sì máa ya bí ilẹ̀ fàdámà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kan ní ọ̀dà a máa pa ìpáàrà. Ọ̀dà a máa dí ọ̀nà mọ́ omi tí kò tíì wọlé ni. Kò lè lé èyí tí ó ti wà nílé jáde. Àwọn mìíràn ní kí a gbé ẹ̀yà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sínú oòrùn ọ̀sán gangan kí ó lè yá. Oòrùn líle yóò mú ojú ọ̀dà dì kí inú rẹ̀ tó sinmi, tínà tí ń wá ọ̀nà jáde yóò sì fi ihò wẹ́wẹ́ sí i bí ojú àkàrà.

Ẹ̀mí ṣáájú ẹwà

Àṣìgbọ́ kan kù tí ó burú ju gbogbo ìyókù lọ, òun ni pé bí ènìyàn bá fa èéfín ọ̀dà símú, kí ó mu wàrà tàbí epo pupa, yóò fọ̀ ọ́ kúrò. Ikùn ni wàrà ń lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Ilé méjì ni wọ́n, wọn kì í pàdé. Kílíà àti ọ̀dà tí a ń po mọ́ hádínà sábà máa ń ní kẹ́míkà tí à ń pè ní isocyanate, tí ó lè sọ ẹni tí kò ní ikọ́ fée (asthma) rí di alárùn ikọ́ fée títí ayé. Ìbòmú aláṣọ tí a ń lò fún eruku kò lè dá a dúró. Bí a kò bá ní ìbòmú tí a ṣe fún èéfín kẹ́míkà, kí a lo ọ̀dà tí kò ní hádínà, níta gbangba, tàbí kí a gbé ìpele ìkẹyìn yìí lọ bá pẹ́ńtà tí ó ní ohun èlò. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.

Ọ̀dà àtijọ́ sì lè ní òjé nínú. Ìpínlẹ̀ Niger kò gbàgbé ohun tí òjé lè ṣe: ní ọdún 2015, ní abúlé Shikira ní ìjọba ìbílẹ̀ Rafi, eruku òjé láti inú wíwa góòlù pa ọmọdé 28. Ti ọ̀dà alùpùpù kò tó ti ibi ìwakùsà, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni, ara ọmọdé ni ó sì ń mọ̀ ọ́n jù. Nítorí náà, omi ni kí a fi máa ha ọ̀dà àtijọ́ kí eruku má baà gbéra, kí a da omi náà jìnnà sí kànga, kí a sì fọ aṣọ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bákan náà, tínà àti bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wà nítòsí ààrò, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹni tí ń mu sìgá.

Ìparí

Lẹ́yìn tí mo ti bó táǹkì mi àkọ́kọ́ tán, mo dúró di oṣù kọkànlá, mo sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí irin lásán. Nígbà náà ni mo rántí ìtàn iná àwọn Gbagyi tí ó ni ilẹ̀ yìí, pé a kì í fi ògúnná ọdún tí ó kọjá dá iná ọdún tuntun. Ọjọ́ mọ́kànlá ni iṣẹ́ náà gbà mí. Mo fi ọjọ́ mẹ́ta fọ̀ ọ́, mo ha á, mo sì dí kòtò rẹ̀. Mo fi ọjọ́ kan kun páráímà tí mo sì fọ́ ọ lójú. Mo fi ọjọ́ méje dúró kí ó le. Fífín àwọ̀ àti kílíà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní iṣẹ́ náà gan-an, kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ. Òjò ti pa táǹkì náà láti ìgbà náà, ọyẹ́ ti fẹ́ lù ú, ẹrẹ̀ ọ̀nà Jikpan sì ti ta sí i lára láìmọye ìgbà; bí mo bá bu omi fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo ṣì ń rí ojú mi nínú rẹ̀.